Ẹsẹ̀ Tó Ń Sáré Nínú Ẹ̀rọ

Gbogbo sárésáré tó wà nínú gémù náà, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń sá, ẹni náà sì ti kú. Àwọn tó ń gbá a nílé wọn kò mọ̀. Wọ́n á yan aṣọ pupa tàbí aṣọ búlúù, wọ́n á yan ẹni gíga tàbí ẹni kúkurú, ṣùgbọ́n tí ìbọn bá ti dún, ọkùnrin kan náà ló ń sáré lọ.

Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà nígbà tó wà láyé. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àga àti tábìlì. Wọn ò lágbára àtiháyà eléré ìje nígbà yẹn, ni wọ́n bá lẹ bọ́tìnnì kéékèèké tó ń tan ìmọ́lẹ̀ mọ́ Ẹlẹ́sẹ̀ lára láti ọrùn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú gbọ̀ngán kan tí wọ́n yá, kámẹ́rà sì ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà, ló kó ìṣísẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, tó ń tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dà bí ẹran ara. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe yẹ kó rẹ sárésáré, bó ṣe yẹ kó mí, ibi tí orúnkún ti máa ń fẹ́ dalẹ̀ èèyàn. Òun ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá rí. Kóòṣì ni orúkọ tó mọ́ ọn lórí.

Kíndìnrín ló pa Ẹlẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Kóòṣì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì dá àṣà kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ. Láràárọ̀, kó tó bọ́ kóòtù lọ́rùn, á tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, á mú páàdì tí wọ́n fi ń darí gémù, á yan pápá tí òjò ti ń rọ̀, á fi sárésáré kan ṣoṣo sí i. Kò ní bá ẹnikẹ́ni díje. Á kàn máa wò ó. Ẹsẹ̀ òsì a máa lulẹ̀ ju ọ̀tún lọ, bó ṣe rí nígbà ayé onítọ̀hún. Nígbà míì á rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Tábìlì Ẹnjiníà ló dojú kọ tirẹ̀. Òun á fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin dí etí, á tẹ orí ba.

Ìgbà tó yá ni ilé iṣẹ́ ńlá kan láti òkè òkun, tó ń tẹ gémù jáde kárí ayé, ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rà wọ́n. Aṣojú wọn wá. Obìnrin ni, ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, á tún rẹ́rìn-ín nígbà tó bá sọ ọ́ tán. Ó ṣàlàyé pé orúkọ gémù ni àwọn fẹ́, àti àwọn pápá rẹ̀, àti òṣìṣẹ́ tó bá wù láti bá àwọn lọ. Kóòṣì bi í nípa ìṣísẹ̀. Aṣojú ní àwọn ní eléré ìje tiwọn, gbajúmọ̀ pọ́ńbélé; àwọn á pa ti àtijọ́ rẹ́.

"Ẹ máa pa á rẹ́," Kóòṣì tún un sọ.

"Kò ní sí nínú ẹ̀rọ mọ́ rárá, madaamu. Á mọ́ tónítóní."

Kóòṣì ní òun ò tà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì ilé iṣẹ́ jẹ́ ti Ẹnjiníà, ìdajì jẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀; bí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì kò bá buwọ́ lùwé, kò sí ohun tó ń jẹ́ títà. Aṣojú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn á ṣe sùúrù. Ẹnjiníà sìn ín dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ obìnrin náà lọ, ó dúró láàárín àwọn àga tí wọ́n fi ọ̀rá wé, ó pẹ́ gan-an kó tó gòkè padà.

*

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onígò ń gbé lókè ilé ìfọṣọ kan, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti máa ń gun ògiri bọ̀. Igo ló kún yàrá rẹ̀: igo òògùn ikọ́, igo lọ́fínńdà, igo tí ọtí ti tán nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ohun tó wà nínú rẹ̀ jọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Súwẹ́tà ló wọ̀. Ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n tó ti pa ohùn rẹ̀ nígbà tí Ẹnjiníà wọlé lọ́sàn-án Sátidé, kò sì gbójú kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Ẹnjiníà rojọ́ obìnrin kan fún un tán, Onígò bi í bóyá kí ẹni náà kú ló fẹ́. Ẹnjiníà ní rárá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni, ó ti ṣe òun lóore, òun kàn fẹ́ kó jọ̀wọ́ ohun kan tó dì mú ni.

"Ẹni tó bá di nǹkan mú, a kì í la ọwọ́ rẹ̀," Onígò wí. "Ọwọ́ náà la máa ń pa. Tí ọwọ́ bá ti kú, ohun tó dì mú á bọ́ fúnra rẹ̀."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ibẹ̀, ó mú igo òògùn ikọ́ kan, ó da ẹ̀bu tó dà bí eérú sínú ìwé. Ó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù:

"Òkúta kì í mọ ìgbà tí òjò ń pa á. Ìkarahun kì í sunkún ìgbín tó jáde nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kì í bi ẹni tó jáde pé ìgbà wo lo ń bọ̀."

Ó ká ìwé náà. Ó ní ibi tí ọwọ́ obìnrin náà bá ti ń gbádùn jù ni kó fi í sí. Ó ní kó má fi ọwọ́ lásán kàn án, torí òògùn yìí kò mojú.

Ẹnjiníà ṣe é lọ́sàn-án nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun. Ó fi sukudíráfà kékeré tú ẹ̀yìn páàdì Kóòṣì, ó da ẹ̀bu sí gbogbo ojú ibi tí ike ti pàdé ike, ó dì í padà. Díẹ̀ fò sí i lórí ìka. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kóòṣì mú páàdì. Ó tutù. Ó rò pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. Òjò ń rọ̀ lórí pápá, sárésáré gbéra, ó ń wò ó. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí i láyà kò ṣẹlẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ń wo ọkùnrin kan tó ń sáré nínú òjò, ó sì ń ronú pé òun gbọ́dọ̀ ra ọṣẹ tí òun bá ń lọ sílé.

Lọ́jọ́ mìíràn, sárésáré náà dúró láìjẹ́ pé ó tẹ nǹkan kan. Ó dúró láàárín pápá, ó bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó kọ bíbojú wẹ̀yìn sínú gémù yẹn. Ó wo Kóòṣì, tàbí ó wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn Kóòṣì, lẹ́yìn náà ó ń sáré rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé tíì kọjá rí i, kọ́ọ̀bù sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì ní kó wá nǹkan nu ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kú lára rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Orin tó fẹ́ràn di ariwo. Iyọ̀ àti ṣúgà di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti ìdí èékánná. Tí wọ́n bá dá àpárá níbi iṣẹ́, á dúró kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn, bí ẹni tó ń kọ́ èdè. Kò bà á lẹ́rù. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó ba òun lẹ́rù. Ẹ̀rù náà ni kò dé.

*

Ìyá Kóòṣì ló fura. Láti ìgbà tí Ẹlẹ́sẹ̀ ti kú ni Màmá ti gbé báàgì kan wá sí filáàtì ọmọ rẹ̀, tó ní òun ò ní pẹ́, tí kò sì tíì lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kóòṣì gbé omi kaná. Nígbà tó hó, kò wá àkísà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìkòkò náà mú níkùn, ó gbé e láti orí sítóòfù lọ sí ẹnu síǹkì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Òórùn ẹran ara ni Màmá kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó fi máa dìde, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ ti bó, Kóòṣì sì ń bi í bóyá kí òun ti fèrèsé.

Màmá kò pariwo. Ó fi báńdéèjì wé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tí ọmọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Aránṣọ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó há sáàárín ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àwọn aṣọ tí kò tíì parí gbé ara kọ́ sókè, wọ́n ṣì ní àmì ṣọ́ọ̀kì lára. Obìnrin kúkurú ni, ó máa ń kó abẹ́rẹ́ sẹ́nu, á sì máa gba àárín wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé tó bá ti yọ gbogbo abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ti le. Ó gbọ́ òórùn ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó ń yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo mọ ọwọ́ tó ṣe èyí," ó wí. "Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa. Òun mú igo, èmi mú abẹ́rẹ́."

Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ọmọ òun sàn. Aránṣọ ní èyí tó ti kú lára ọmọ náà, òun ò lè dédé jí i báyìí, torí pé ẹni tó rán an ṣì ń rán an. Ohun tó yá ni kí òun má jẹ́ kí olúwarẹ̀ rí ibi jókòó. Ó fa òwú dúdú, ó yí etí ṣẹ́ẹ̀tì náà po, ó ń rán an láìta kókó:

"Wọ́n rán, mo gbọ́ pé wọ́n rán. Èmi náà ń rán. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni òwú ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ rán ohun tí ẹ rán, òun náà ni mò ń rán."

Ó fi eyín gé òwú náà. Ó ní kí Màmá fọ ṣẹ́ẹ̀tì náà, kí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.

*

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lára ògiri nígbà tí Ẹnjiníà ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, tó gbọ́ pé ẹnì kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn òun. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹni náà kọjá. Ẹnikẹ́ni ò kọjá. Ó ń lọ, ìró ẹsẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń lulẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

Ó mọ̀ ọ́n. Oṣù bíi mélòó kan ló fi tẹ́tí sí ìṣísẹ̀ yẹn nígbà tó ń kó o sínú ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o láyé yìí, àfi ìyàwó olóògbé.

Láti ọjọ́ náà, kò sinmi. Àjà tó ga jù lọ nínú ilé ni filáàtì rẹ̀ wà, síbẹ̀ wọ́n ń sáré lókè orí rẹ̀. Tó bá ń wẹ̀, ìró omi á yí padà di ẹsẹ̀. Tó bá fi orin sétí kó má bàa gbọ́ ọ, orin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹsẹ̀, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Níbi iṣẹ́, lójú mọmọ, ìró náà ń yí ògiri yàrá ìpàdé po, àwọn tó kù sì ń sọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé orí òun ló fẹ́ dàrú, ìgbà náà ni oníṣọ́ọ̀bù àga gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Bàbá náà ṣí fìlà, ó tọrọ àforíjì, ó wá béèrè pé ta ló ń sáré lókè láti àná, torí pé àwọn oníbàárà òun ti ń ráhùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Ẹnjiníà dìde, ó jáde, ó gbàgbé kóòtù rẹ̀ sórí àga.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Onígò pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ó wo àlejò rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kì í ṣe ti ìdùnnú.

"Abẹ́rẹ́ nìyẹn," ó wí. "Obìnrin yẹn kò tíì gbàgbé." Ó béèrè ibi tí ẹsẹ̀ òkú náà wà. Ẹnjiníà ṣàlàyé kámẹ́rà, bọ́tìnnì àti kọ̀ǹpútà. Onígò mi orí. "Èèyàn kú, ẹ kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú àpótí, ẹ̀ ń fi ṣeré láràárọ̀. O wá ń bi mí pé ta ló ń sáré?"

Ó fún un ní igo kan tí omi lásán wà nínú rẹ̀, tó fi ìda dí lẹ́nu. Ó ní kó gbé e lé ẹ̀rọ náà lórí. Bí ẹni náà ṣe sáré wá ni kó sáré padà. Kó má dá a dúró, kó má sì pè é lórúkọ.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, nígbà tí kò sẹ́nì kankan lókè, Ẹnjiníà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Kóòṣì. Ó gbé igo náà lé e lórí, ó yí ìṣísẹ̀ padà. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ilẹ̀. Ọkùnrin náà ń fi ẹ̀yìn sáré lórí pápá, ó dé ibi ìlà tí wọ́n ti ń gbéra, kò dúró. Ó kọjá ìlà, ó kọjá koríko, ó kọjá àga àwọn òǹwòran, ó wọ ibi tí wọn ò ya nǹkan kan sí, níbi tó funfun lásán. Ojú tí wọ́n ń fi sórí sárésáré nínú gémù náà kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ń kéré lọ. Ẹnu Ẹnjiníà fẹ́ là, ó gé ahọ́n rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Nígbà tí kò rí i mọ́, ó gbé igo. Ìda ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ.

Ìró ẹsẹ̀ kò sí mọ́ lókè orí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí kí ara tu òun, oorun gbé e lọ kó tó dé.

*

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Kóòṣì mú páàdì. Ìbọn dún. Sárésáré dúró lórí ìlà, kò gbéra. Ó tún un ṣe, ó yan pápá mìíràn, ó fi sárésáré kún gbogbo ọ̀nà. Ìbọn dún, wọ́n tò dúró sójú kan, òjò ń pa wọ́n.

Ó gbé páàdì sílẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́. Ó lọ bá Ẹnjiníà.

"Ẹ pe àwọn èèyàn yẹn, ọkọ mi kékeré," ó wí. "Mo ti ṣe tán."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe ara wọn. Òun ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ torí pé ó bá a nílé ọkọ, Ẹnjiníà náà ń fi ẹ̀yin dá a lóhùn torí pé ó ju òun lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí àlejò méjì ni wọ́n ń kí ara wọn.

Aṣojú dé pẹ̀lú lọ́yà kan, ìwé àti ẹ̀rín músẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ń sunkún lẹ́yìn gíláàsì. Ọmọ tó máa ń ya àwọsánmà fún wọn gbé ojú lé ọwọ́. Kóòṣì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ẹja. Lọ́yà bi í bóyá ó ń ṣe é tinútinú. Ó ro ìbéèrè náà dáadáa.

"Kò sí ohun tó ń dí mi lọ́wọ́," ó wí, ó sì buwọ́ lù ú.

Ẹnjiníà buwọ́ lu tirẹ̀. Kálámù náà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìka tí ẹ̀bu bà lé lọ́jọ́ yẹn ti funfun dé ìdí, kò sì mọ̀ pé òun mú nǹkan dání.

*

Màmá mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Aránṣọ. Aránṣọ tú etí ṣẹ́ẹ̀tì náà, òwú dúdú tó fi rán an ti funfun bí irun àgbà. Ó jókòó. Ó ní igo ti ṣe tirẹ̀: wọ́n ti lé ọkùnrin náà lọ, ẹni tó bá sì ti lọ báyẹn, òun ò ní òwú tó lè fà á padà. Ó sọ ẹni tó ṣe é. Kò dárúkọ. Ó ní ẹni tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Kóòṣì ni.

Màmá gbé ọwọ́ lérí. Kóòṣì ní òun gbọ́.

"Mo lè ṣí ìwọ fúnra rẹ," Aránṣọ wí. "Wọn ò rán an mọ́, ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ kú ló máa wọlé, bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, kò ní dín. Lọ rò ó."

Láti ibẹ̀, Kóòṣì gba ilé Ẹnjiníà lọ. Ó bá a láàárín páálí. Ẹnjiníà ń dirù lọ sí òkè òkun, ilé iṣẹ́ ńlá náà ti fún un ní àyè. Ó gbé àga fún un. Kóòṣì bi í bóyá òun ni. Ó ní òun ni.

"Kí ló dé?"

Ẹnjiníà ní kì í ṣe tìtorí owó, kì í sì í ṣe pé òun kórìíra rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ọkọ yín lẹ̀ ń rí láràárọ̀," ó wí. "Ẹni tí mo gbé pọ̀n wọ ọsibítù lèmi ń rí, tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Ẹ̀ ń jí i láràárọ̀ kó máa sáré níwájú mi. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ọjọ́ tí mi ò sìnkú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di pé mo mu tíì."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kí ẹ má wo ọkọ yín mọ́?"

Kóòṣì wá ìbínú nínú ara rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tú àpò wá kọ́kọ́rọ́. Ó wá a dáadáa. Kò sí níbẹ̀. Ó bi í bóyá ìró ẹsẹ̀ náà ti dákẹ́. Ẹnjiníà ní ó ti dákẹ́. Ó bi í bóyá ara wá tù ú. Ẹnjiníà wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Mo rò pé ó yẹ kó tù mí."

Ó bu omi fún un, ó mu ún. Wọ́n jókòó láàárín páálí bí èèyàn méjì tí kò mọra, tí wọ́n jọ ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Kóòṣì dìde, ó ní ó dàbọ̀, Ẹnjiníà ní kó kí Màmá.

*

Màmá gan-an ló wá yí ohùn padà. Ó ní òun rí ọmọ òun lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, òun ò sì fẹ́ kó padà síbẹ̀. Ó ní ṣebí ó ń jẹ, ó ń sùn. Ó ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Màmá, lọ́jọ́ kan ẹ̀yin náà á kú," Kóòṣì wí. "Mi ò fẹ́ máa ronú ọṣẹ lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n padà sọ́dọ̀ Aránṣọ lẹ́yìn tí Ẹnjiníà ti lọ sókè òkun. Aránṣọ ti ilẹ̀kùn, ó ní kí Kóòṣì jókòó sílẹ̀ lórí àwọn gígé aṣọ. Ó fi òwú pupa sí abẹ́rẹ́, ó ń gún un níka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Kò dùn ún. Àtàǹpàkò kò dùn ún, ìka ìlábẹ̀ kò dùn ún. Ó ń wo abẹ́rẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Nígbà tó kan ọmọ ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì, ó fa ọwọ́ padà.

Ó mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ yí. Ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìròyìn wá bá, ó sì pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í ṣe Ẹlẹ́sẹ̀, orúkọ tí òun nìkan máa ń pè é. Ó tún un pè. Lẹ́yìn náà kò lè sọ ọ̀rọ̀ mọ́. Màmá jókòó sílẹ̀ tì í láàárín àwọn gígé aṣọ, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, kò sọ fún un pé kó má sunkún. Obìnrin kan kanlẹ̀kùn, ó wá gba aṣọ rẹ̀ tó ti parí. Aránṣọ gba ojú ihò kọ́kọ́rọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró síta díẹ̀.

Ó tó wákàtí díẹ̀ kí ohùn Kóòṣì tó jáde. Ìbínú ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹkún. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun. Ó pe Ẹnjiníà, ó bú u, ó sunkún, ó tún bú u. Ó sọ gbogbo ohun tí kò rí sọ láàárín àwọn páálí yẹn. Ẹnjiníà ń gbọ́. Nígbà tó bú u tán, tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kó máa bọ̀ wálé. Ó ní òwú ṣì kù. Ó ní Aránṣọ ti gbà.

Kóòṣì ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn kọjá lẹ́yìn Ẹnjiníà lọ́hùn-ún, tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó ń dùn yín?" Ẹnjiníà béèrè.

"Ó ń dùn mí gan-an ni."

Ó ro ìyẹn. Kóòṣì gbọ́ bó ṣe ń rò ó.

"Ó dáa bí mo ṣe wà yìí, ìyàwó wa," ó wí nígbẹ̀yìn, ní ohùn ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó júwe ọ̀nà fún un. "Ẹ kí Màmá."

Ó pa fóònù. Kóòṣì dì í mú sétí fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé e fún Màmá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹkún náà ti di ti ẹni méjì tó lọ.